Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Aláago láàárín Àwọn Ọ̀dọ́

(Ọ̀rọ̀ fún kíkà sí etí ìgbọ́ àwùjọ ní àwọn yàrá ìkàwé Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà)



Bí ènìyàn bá wọ inú gbọ̀ngàn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń díje nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọmọ lè wà nínú ilé náà kí a má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí etí ń gbọ́ ni ìró ọwọ́ kéékèèké tí ń tẹ orí aago. Méjì-méjì ni wọ́n jókòó, tí wọ́n dojú kọ ara wọn, pátákó wà láàárín wọn, aago sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Òbí tí ó bá yọjú láti ojú fèrèsé lè rò pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Ìdánwò náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń béèrè pé èrè wo ni ó wà nínú jíjókòó ti pátákó. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú eré bẹ́ẹ̀ yóò gba àkókò ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn rò pé ọmọ ìyá tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò burú, nítorí ẹni tí ó bímọ ni ó ń ṣọ́ ọmọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ ayò yìí wò dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí ọmọ òun ta á tàbí kí ó má ta á.

OHUN TÍ A TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Títa ayò kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọpọ́n ayò ní ojúlé 12, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni a pín sí wọn, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tí ọmọ ayò tí ó jẹ bá ju 24 lọ ni ó borí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni à ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí wọ́n ń pa ní gbogbo ìgbà ni ọ̀pẹ.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn àgbà lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ọ̀ta kì í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ojú rẹ̀ ni ó fi ń ka ọmọ ayò, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa yára káàkiri ọpọ́n. Bí ọ̀pẹ bá ronú pẹ́ jù, àwọn òǹwòran yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò máa bi í bóyá ó fẹ́ sùn síbẹ̀ ni. Àwọn baba ńlá wa kò gbé aago ka ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n. Ẹnu òǹwòran ni aago wọn. Nítorí náà, ayò tí a ń ta pẹ̀lú ìyára tí ó sì ń fẹ́ ìrònú jíjinlẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun sí ọmọ Òṣogbo tàbí ọmọ Iléṣà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pátákó àti òfin rẹ̀.

PÁTÁKÓ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó WÀ LÓRÍ RẸ̀

Ilẹ̀ Íńdíà ni ayò ṣẹ́ẹ̀sì ti ṣẹ̀, ní ohun tí ó ju 1,300 ọdún lọ sẹ́yìn. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà àti àwọn Lárúbáwá kọjá kí ó tó dé Yúróòpù, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká gbogbo ayé. Ojúlé 64 ni ó wà lórí pátákó rẹ̀, funfun kan, dúdú kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16: ọba kan, ayaba kan, ilé ìṣọ́ méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ.

Olúkúlùkù wọn ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà rìn. Ọba ń rìn ní ojúlé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, bí ọba ti í rìn pẹ̀lú ìyì. Ilé ìṣọ́ ń lọ tààrà. Bíṣọ́ọ̀bù ń gba ọ̀nà igun. Ayaba ń ṣe ti àwọn méjèèjì, òun ni ó sì lágbára jù. Ẹṣin nìkan ni ó lè fo orí ẹlòmíràn kọjá. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kéré jù nínú wọn. Iwájú ni ó ń lọ, kì í padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ogun já tí ó dé ìpẹ̀kun pátákó ní ọ̀dọ̀ ọ̀tá, a ó sọ ọ́ di ayaba. Ẹni tí ó bá ká ọba ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, tí ó dojú ìjà kọ ọ́ tí kò sì rí ọ̀nà àbáyọ kankan, ni ó borí.

Kò sí ohun tí a ń jù sókè nínú ayò yìí, kò sì sí èyí tí a fi pa mọ́. Gbogbo ohun tí ọ̀tá ní wà lójú pátákó. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó pàdánù kò lè di ẹ̀bi ru orí burúkú, èyí tí ó borí kò sì lè sọ pé oríire lásán ni. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ nìyí. Bí wọn kò bá ti fi owó lé e lórí, kò bá tẹ́tẹ́ tan rárá.

IṢẸ́ TÍ AAGO Ń ṢE

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lè jókòó ti ìgbésẹ̀ kan títí tí ara yóò fi sú ẹnì kejì rẹ̀. Ní ọdún 1883, ní ìdíje kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo aago olójú méjì. Bí ẹnì kan bá ti ta tirẹ̀ tán, yóò tẹ aago. Ti tirẹ̀ yóò dúró, ti ẹnì kejì yóò sì máa lọ. Ọwọ́ tí ó fi ta ayò ni ó gbọdọ̀ fi tẹ aago, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ kejì ṣọ́ aago bí ẹni ń ṣọ́ ẹran.

Àjọ tí ń ṣe àkóso ayò náà lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1924, tí à ń pè ní FIDE, ti ṣe òfin fún oríṣiríṣi rẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni ayò kíá, èyí tí àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ ṣùgbọ́n tí kò tó 60. Ní ìdíje àgbáyé, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kún un fún gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó bá gbé. Bí àkókò ènìyàn bá tán lórí aago, ó lè pàdánù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ní ọmọ ayò púpọ̀ jù. Òfin mìíràn tún wà tí ó le: ọmọ ayò tirẹ̀ tí ènìyàn bá ti mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí ó kàn án láti ta, òun ni ó gbọdọ̀ ta. Ojú ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ará Òṣogbo mọ̀ nípa bí àkókò ti í ṣẹ́gun agbára. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti ìlú náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí wọ́n wá gbèjà rẹ̀ kò bá ẹṣin jà ní gbangba ní ọ̀sán. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó náà, nígbà tí àwọn ẹṣin wà ní ìso, wọ́n sì borí. Ẹṣin wà, agbára wà, ṣùgbọ́n àkókò ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni wọ́n.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Àwọn oníṣòwò aṣọ wọn tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló lókìkí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nítorí pé wọ́n lè lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ìfaradà ni olórí ohun ìní wọn. Ọmọ tí ń ta ayò kíá nílò ọgbọ́n méjèèjì yìí: kí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yára, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lóṣòó dúró.

BÍ AYÒ KAN TI Í LỌ

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Kí a ní ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 kan láti Òṣogbo àti ọmọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti Iléṣà bá ara wọn pàdé nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ọmọbìnrin náà ni ó ní funfun, funfun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ta. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, aago bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà jẹ́ onísùúrù. Ó ń yẹ gbogbo ọ̀nà wò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi ta ìgbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó kù fún un, ó sì ku ọmọbìnrin náà ní 13. Nígbà náà ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já. Ó wo aago, kò wo pátákó. Ó yára ta ìgbésẹ̀ kan, ẹṣin funfun sì fò wọlé, ó dojú kọ ọba àti ayaba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbà là, nítorí náà ayaba lọ. Ọmọ tí kò ná àkókò rẹ̀ bí ó ti yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ wá di ẹni tí ń fi ìkánjú san án ní àárín.

Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ ọmọbìnrin náà le. Ó ń jẹ ọmọ ayò dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ọba nìkan, tí ọba náà sì sá lọ sí igun pátákó. Àwọn tí ń wòran ti rò pé ayò ti parí. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Nínú ayọ̀ yìí, ó gbé ayaba rẹ̀ sí ibi tí ó ti ń ṣọ́ gbogbo ojúlé mẹ́ta tí ọba dúdú lè bọ́ sí, ó sì tẹ aago. Ṣùgbọ́n ayaba náà kò dojú kọ ọba dúdú gan-an níbi tí ó dúró sí.

Ọmọkùnrin náà wo pátákó. Ọba rẹ̀ kò sí nínú ewu níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n kò sí ojúlé kan tí ó lè bọ́ sí láìkú, kò sì sí ọmọ ayò mìíràn tí ó lè ta. Ó na ọwọ́ sókè, ó pe adájọ́ ìdíje. Adájọ́ wò ó, ó sì sọ pé ọ̀mì ni. Bí òfin ti wí nìyẹn: bí ọba kò bá sí nínú ewu, tí ẹni tí ó kàn láti ta kò sì rí ohunkóhun ta, kò sí ẹni tí ó borí. Ìdajì àmì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹni tí ó ní gbogbo nǹkan àti ẹni tí kò ní ohunkóhun pín èrè dọ́gba-dọ́gba.

Ó lè dà bí ìrẹ́jẹ lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò mọ̀ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà nínú tiwa. Bí ojúlé ẹnì kejì bá gbẹ, tí kò ní ọmọ ayò kan mọ́, ẹni tí ó kàn láti ta gbọdọ̀ ta èyí tí yóò bù fún un, bí ó bá lè ṣe é. A kì í pa ọ̀pẹ ní ebi. Òfin ayò ọlọ́pọ́n pàṣẹ pé kí a fi ọ̀nà sílẹ̀. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì ń gba èrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dí gbogbo ọ̀nà láìtíì ṣẹ́gun. Ìlú méjì tí ó jìnnà sí ara wọn gan-an ni ayò méjèèjì ti jáde wá, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ: pé ẹni tí agbára bọ́ sí lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó fi ara balẹ̀ jù.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN Ọ̀DỌ́ NÍ ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Kì í ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò nìkan ni aago ń mú. Àìmọye ọ̀dọ́ ni ó ti kàgbákò rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì péré tó láti fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ìparí ọdún 2019, ní Moscow, Alireza Firouzja, ọmọ ọdún 16 tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ìránì, bá Magnus Carlsen ti ilẹ̀ Nọ́wè pàdé nínú ìdíje àgbáyé ti ayò tí ó tún yára ju ayò kíá lọ, níbi tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kù fún ọmọ náà lórí pátákó ju ti Carlsen lọ. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ tán. Adájọ́ fún Carlsen ní àmì, wọn kò sì gba ẹ̀hónú tí ọmọ náà fi hàn.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìdíje àgbáyé ti ayò kíá wáyé ní Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì. Nodirbek Abdusattorov, ọmọ ọdún 17 láti ilẹ̀ Usibẹkisitánì, borí Carlsen nígbà tí wọ́n pàdé. Nígbà tí àmì àwọn kan dọ́gba ní ìparí, òun àti Ian Nepomniachtchi ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà tún ayò ta, ó sì borí òun náà. Báyìí ni ọ̀dọ́langba kan di akọni àgbáyé láàárín àwọn àgbà. Ìṣẹ́jú 15 kan náà ni wọ́n fún un bí wọ́n ti fún gbogbo àwọn yòókù. Aago kì í bu iyì fún àgbà, kì í sì í rẹ́ ọmọdé jẹ.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Odion Aikhoje ni ọmọ Nàìjíríà tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìdíje Olympiad ti ṣẹ́ẹ̀sì ní Elista ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1998. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà wá díje eré ìdárayá ní Àbújá ní ọdún 2003, ṣẹ́ẹ̀sì wà lára àwọn eré náà. Nígbà tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Mòrókò ní ọdún 2019, ayò kíá wà lára ohun tí wọ́n fi díje.

Èyí tí ó yẹ kí òbí fi etí sí jù ni ìtàn Tunde Onakoya. Ìkòròdú ní ìpínlẹ̀ Èkó ni ó dàgbà sí, inú ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ́ kan ni ó sì ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Nígbà tí owó ilé-ìwé ṣòro, ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwé kan kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé níbẹ̀. Ní ọdún 2018, ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ayò náà, kí wọ́n sì tipa rẹ̀ rí ọ̀nà dé ilé-ìwé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òun àti Shawn Martinez ti Amẹ́ríkà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òfin gbà wọ́n láàyè láti fi sinmi fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn méjèèjì tún ta á dé wákàtí 64.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-ìwé ni ọkùnrin yìí ń darí àwọn ọmọ sí. Kò sọ pé kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ nítorí ayò. Ìdáhùn sí ẹ̀rù àwọn òbí nìyẹn.

OHUN TÍ ABÚLÉ LÈ ṢE

Kò sí ìdí tí abúlé kan yóò fi dúró de owó ńlá. Páálí kan tó láti fi ṣe pátákó. Èédú ni a ó fi kun ojúlé dúdú. Ìdérí ìgò 32 tó láti fi ṣe ọmọ ayò, bí a bá kọ orúkọ wọn sí wọn lára. Àwọn agbẹ́gilére kò ṣọ̀wọ́n ní Òṣogbo. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá sì ti gbẹ́ ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì rí, tí wọ́n dé ọba rẹ̀ ní adé bí ọba tiwa. Fóònù kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ aago.

Ṣùgbọ́n kí aago má tètè dé. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìrìn ọmọ ayò dáadáa, kí ó ta á láìsí aago fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, kí a fún un ní ìṣẹ́jú 30, kí a sì máa dín in kù títí yóò fi dé 15. Kí a ta á lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé, tàbí ní ọjọ́ Sátidé. Kí a má fi owó lé e lórí, ì báà ṣe náírà kan. Kí a sì pe àwọn ọmọbìnrin sí i, nítorí pátákó kò mọ akọ, kò mọ abo.

Bí ọmọ bá pàdánù, kí òbí má ṣe nà án, kí wọ́n má sì pè é ní olódo. Kí wọ́n ní kí ó tún ayò náà tò bí ó ti lọ, kí ó fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn. Ọmọ tí ó bá lè fi ìka tọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ láìwá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò tíì kọ́.

Òṣogbo kò jìnnà sí Iléṣà. Bí àwọn olùkọ́ ìlú méjèèjì bá lè kó ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá jọ, ìdíje ti dé nìyẹn, láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí àwọn ọmọ bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún bọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá parí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀pọ́n ayò nílé, kí ó má gbé e jù sẹ́yìn nítorí pátákó tuntun. Kí ó gbé méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ, kí ọmọ sì máa ta wọ́n.